Ṣé firewall lè sọ ọ́fíìsì wa di ilé odi?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹgbẹ́ wa lé ní 600, kọ̀ǹpútà 9 ló sì wà ní ọ́fíìsì wa. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ ààbò wá bá ìgbìmọ̀ wa. Ó ní tí a bá ra firewall òun, tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, ọ́fíìsì wa yóò dà bí ilé odi àwọn òyìnbó ayé àtijọ́, pé kò sí olè tó máa rọ́nà wọ̀ ọ́. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní Kánádà wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé odi ti kú, zero trust, ìyẹn má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, layé ń ṣe báyìí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kò mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú àmójútó owó olówó. Ẹ má tíì kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ẹnikẹ́ni. Firewall ni ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ gbogbo ohun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì yín tàbí tó ń jáde níbẹ̀ wò. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, àmọ́ ó dà bíi pé kò sí èyí tó tíì fara balẹ̀ wo ilé odi rí nínú wọn. Ọlọ́jà yẹn gbà pé ògiri tó nípọn ló ń jẹ́ ilé odi, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ ta ògiri fún yín. Ọmọ yín náà gbà pé ògiri tó nípọn ni, ìdí nìyẹn tó fi ní ó ti kú. Àwọn tó kọ́ ilé odi gan-an ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dí wọn lójú oorun ni pé: tí ọ̀tá bá ti wọlé ńkọ́?

Ààbò kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun láti nǹkan bí ọdún 15, tí mo bá sì ráyè, àwọn ilé odi wọ̀nyí ni mo máa ń lọ wò. Ìyàwó mi ní àwókù ni mo ń sanwó lọ wò. Kò parọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Rochester, ní Kent, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Gillingham nítòsí ibẹ̀, ilé rẹ̀ ni mo dé sí. Ilé gogoro olókùúta kan wà níbẹ̀, tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, William de Corbeil, kọ́ lẹ́yìn tí ọba fi ibẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní 1127. Ó ga ju mítà 30 lọ. Ògiri rẹ̀ nísàlẹ̀ nípọn tó mítà 3 àbọ̀. Ẹ na apá yín méjèèjì, ìdajì rẹ̀ lẹ máa kàn. Òrùlé ti lọ, pákó àjà ti lọ, ẹyẹlé ló kù síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí yín lójú láti òde ni pé mẹ́ta nínú ilé ìṣọ́ tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí àpótí. Ìkẹrin nìkan ló rí roboto.

Bí ìkẹrin ṣe di roboto rèé. Ní 1215, ìjà bẹ́ láàárín Ọba John àti àwọn ìjòyè rẹ̀, lẹ́yìn tó fi èdìdì lu ìwé àdéhùn Magna Carta tán tó tún yẹ àdéhùn. Àwọn ìjòyè gba Rochester, John sì kó ogun tì wọ́n ní oṣù October. Wọ́n ju òkúta títí, ilé gogoro náà ò mira. Ló bá ní kí àwọn agbẹ́lẹ̀ gbẹ́ ihò gba abẹ́ ilẹ̀ dé ìdí igun kan. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni wọ́n ń fi igi ró o, kó má baà wó pa wọ́n. Ní 25 November, ọba kọ lẹ́tà sí Hubert de Burgh, ìjòyè rẹ̀ àgbà kan, pé kó fi ẹlẹ́dẹ̀ 40 ránṣẹ́ kíákíá, kó jẹ́ èyí tó sanra jù, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára fún jíjẹ. Ọ̀rá wọn ni wọ́n fi dáná sí igi abẹ́ ilẹ̀ náà. Igi jó tán, igun wó gbìì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa nìyí. Igun ti wó, ọ̀nà ti là, àwọn tó wà nínú ò sì túúbá. Kí ló fà á? Ògiri kan wà láàárín ilé náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó pín in sí méjì. Wọ́n sá gba ẹnu ọ̀nà inú ògiri yẹn bọ́ sí apá kejì, wọ́n sé e mọ́ ara wọn, ogun tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nínú ilé kan náà. Kànga ilé wà nínú ògiri àárín yẹn pẹ̀lú, ihò rẹ̀ gba inú ògiri gòkè débi pé wọ́n lè fa omi lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí oúnjẹ tán pátápátá, tí wọ́n ti ń jẹ ẹṣin wọn, ni wọ́n tó jáde, ní 30 November. Ebi ló ṣẹ́gun wọn, kì í ṣe ihò John.

Akọ̀tàn kan ní ayé ìgbà yẹn kọ ọ́ pé lẹ́yìn ogun yìí, ìwọ̀nba èèyàn ló tún gbẹ́kẹ̀ lé ilé odi mọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín ní Kánádà pé ọ̀rọ̀ "ilé odi ti kú" tó ń sọ ti lé ní ọdún 800. Òkú yẹn ò sì kú, torí ní ayé Henry Kẹta, ọmọ John, wọ́n tún igun náà kọ́, wọ́n kọ́ ọ roboto, nítorí igun roboto le láti gbẹ́ wó ju onígun lọ. Ọmọ Henry yẹn, Edward Kìíní, ló wá lọ kọ́ àwọn tó le jù lọ sí Wales.

Ó yá, ká padà sí ọ́fíìsì yín. Kọ̀ǹpútà 9, router kan (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì), Wi-Fi kan. Lọ́la, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Network sí, kẹ́ ẹ wo orúkọ tó máa jáde. Tí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà akápò níbẹ̀, tí ẹ sì lè ṣí fáìlì kan nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun bi yín léèrè, ẹ ò ní ògiri àárín nìyẹn. Firewall olówó ńlá yẹn máa dúró lẹ́nu géètì. Ó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, pálọ̀ gbalasa ló bá pàdé.

Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣe é rí ní Èkó. Wọ́n ní firewall ńlá tí iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú bíi ti Kérésì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) bá wọlé, láti ilé rẹ̀. Ó gbé e kọjá níwájú ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn, ó wọlé, ó so ó mọ́ Wi-Fi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, fáìlì owó oṣù ò ṣí mọ́, ìwé kékeré kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń béèrè owó. Firewall náà ṣì ń ṣẹ́jú.

Zero trust tí ọmọ yín sọ, John Kindervag ló gbé orúkọ yẹn jáde ní 2010, nígbà tó wà ní Forrester, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ní 2020, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ẹ̀rọ kalẹ̀, kọ ìwé lé e lórí. Tí a bá yọ ariwo àwọn ọlọ́jà kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù ni pé: má torí pé ẹnì kan wà nínú ilé kó o gbà pé onílé ni, bi í léèrè lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan, kó o sì fún un ní yàrá tí iṣẹ́ rẹ̀ dé nìkan. Ògiri àárín Rochester nìyẹn, a kàn fi oníbodè sí ẹnu gbogbo ilẹ̀kùn ni. (Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa ṣá. Odi, yàrà, bodè, oníbodè, a ò yá ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ òyìnbó. Yàrà Erédò Sùngbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú nìkan gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160.)

Ìlú Conwy ní Wales ló jẹ́ kí n lóye rẹ̀ ju gbogbo ìwé lọ. Láàárín 1283 sí 1287, Edward kọ́ ilé odi síbẹ̀, ó sì mọ odi yí ìlú náà ká, kìlómítà kan ó lé díẹ̀, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ 21. Mo rìn lórí odi yẹn. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìṣọ́ náà, níhà ìlú, ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò ní ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé ó wó ni. Ọgbọ́n ni. Ọ̀tá tó bá gba irú ilé ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní ibi tó máa fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ìlú á máa ta á lọ́fà látẹ̀yìn. Láti apá odi kan dé èkejì, pákó ni wọ́n fi ṣe afárá sẹ́yìn ilé ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀tá bá gun apá kan, wọ́n á yọ pákó, á sì há sórí ìwọ̀nba ibi tó gbà.

Pákó yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Kì í ṣe ohun tó wọ́n. Router tó dáa díẹ̀, tí owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí ọlọ́jà yẹn ń pè, lè pín ọ́fíìsì yín sí mẹ́ta: àlejò àti fóònù lọ́tọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀, akápò àti ìwé ẹ̀yáwó lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má lè rí èkejì àyàfi ibi tí ẹ bá fọwọ́ sí. Ọmọ tó mọṣẹ́ máa ṣe é tán láàárín ọjọ́ kan.

N kò tíì kúrò ní Conwy. Ilé odi yìí àti odi ìlú náà gba owó tó tó £15,000, owó tó lè dá ọba ní gbèsè nígbà yẹn. Ní 1401, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Káfíńtà kan dé ẹnu ọ̀nà, ó ní iṣẹ́ lòún wá ṣe. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Rhys àti Gwilym ap Tudur, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn, wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ méjì tó kù, wọ́n tìlẹ̀kùn. Ó tó bí oṣù mẹ́ta kí ọba tó rí ilé rẹ̀ gbà padà. Ògiri ò ní àléébù kankan lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ ọdún ni, káfíńtà sì ni.

Àwọn olè tòní mọ kàlẹ́ńdà ju àlùfáà lọ. Àwọn tó wọ báńkì àpapọ̀ Bangladesh ní February 2016, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, torí pé Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni ìsinmi níbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú ni ti Amẹ́ríkà níbi tí owó wà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ìsinmi ní Philippines níbi tí owó ń lọ. Mílíọ̀nù 81 dọ́là ló bá a lọ. Nítorí náà, ta ló ń wo owó ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Iléyá? Ta ló ń wò ó láti 24 December títí ọdún á fi tuntun? Ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, kó sì mọ̀ pé òun ni. Ní ti káfíńtà, ẹni tó bá wọ aṣọ ilé iṣẹ́ wá, tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lòún fẹ́ tún ṣe, ẹ pe ẹni tó rán an kó tó kọjá tábìlì àlejò.

Ohun kan tún wà nípa Conwy tí kò dùn ún sọ lójú agbo. Ní 1321, wọ́n rán èèyàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òrùlé ń jò, pákó ti jẹrà, oúnjẹ tó wà nípamọ́ ò tó nǹkan. Kò tíì pé ọdún 40 tí wọ́n kọ́ ọ tán. Update tí kọ̀ǹpútà yín ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ pé "tó bá dọ̀la", òrùlé tó ń jò ni. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní March 2017 fún ihò tí kòkòrò WannaCry gbà wọlé ní May ọdún yẹn. Oṣù méjì gbáko. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba ò tíì ṣe é.

Ti Château Gaillard, ilé odi kan ní ilẹ̀ Faransé, ò ní gùn. Richard Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ọ sórí òkè létí odò Seine, láàárín 1196 sí 1198. Ní 1204, àwọn ọmọ ogun Ọba Philip ti ilẹ̀ Faransé rọ́nà wọ agbo àárín rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́. Àwọn kan ní ihò ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n gbà, àwọn kan ní fèrèsé ilé àdúrà tí Ọba John fi kún un lẹ́yìn náà. Èyí tó wù kó jẹ́, ihò tí wọ́n gbàgbé pé ihò ni. Ní 2021, Colonial Pipeline tó ń gbé epo káàkiri ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ti ọ̀pá rẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan nítorí àkáǹtì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ àmọ́ tó ṣì ń ṣílẹ̀kùn, tí kò ju password lọ tó dè é. Ẹ bi ara yín: akáwó tó ṣíwọ́ ní ọdún 2 sẹ́yìn, ṣé password rẹ̀ ṣì ń wọlé? Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lónìí. Nínú ọ́fíìsì mẹ́wàá tí mo bá wọ̀, n kì í rí méjì tí wọn ò bá irú rẹ̀.

Èyí tó kàn ló ń bà mí lẹ́rù jù nípa ti yín. Ní 1313, lákòókò ogun tí Robert Bruce, ọba Scotland, ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ilé odi Linlithgow ní Scotland. Àgbẹ̀ kan wà tó máa ń gbé koríko wá fún ẹṣin wọn, William Bunnock. Oníbodè mọ̀ ọ́n. Ó mọ màlúù rẹ̀, ó mọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bunnock kó ọkùnrin mẹ́jọ sábẹ́ koríko. Oníbodè gbé ilẹ̀kùn onírin tó ń já wálẹ̀ láti òkè sókè fún un bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé àárín ẹnu ọ̀nà gan-an, Bunnock dá a dúró síbẹ̀, ó gé okùn màlúù. Wọ́n fẹ́ já ilẹ̀kùn onírin sílẹ̀; kẹ̀kẹ́ ti há a. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà ìṣirò owó fún yín, Bàbá Akọ̀wé, òun ni Bunnock yín. N kò sọ pé olè ni. Bunnock gan-an mọ ohun tó ń gbé. Tiyín lè má mọ̀. Ní 27 June 2017, àwọn olè ti wọ inú ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Yukréènì tó ń ṣe M.E.Doc, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń san owó orí níbẹ̀. Wọ́n fi kòkòrò NotPetya sínú update rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ń gba update yẹn láti ọjọ́ yìí wá gbà á bó ṣe máa ń ṣe.

Maersk ti ilẹ̀ Dẹ́nmákì, tí kọ̀nténà rẹ̀ kún Àpápá, wà lára wọn. Sọ́fítíwíà yẹn wà lórí kọ̀ǹpútà wọn ní Yukréènì. Láti ibẹ̀ ló ti ràn káàkiri ayé, torí pálọ̀ gbalasa ni gbogbo ilé wọn. Kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni àwọn server (kọ̀ǹpútà àgbà) tó ń pa àkọsílẹ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé mọ́. Wọ́n ní bí 150 rẹ̀ káàkiri ayé, wọ́n sì gbà pé ìyẹn ti tó ẹ̀dà, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń da ìmọ̀ rẹ̀ kọ èkejì. Gbogbo wọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló kú pọ̀. Àfi ọ̀kan. Iná ti lọ ní ọ́fíìsì wọn ní Gánà kí kòkòrò náà tó dé, server ibẹ̀ sì ti kú sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun nìkan ló yè. Ìmọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lè gbé lọ, àwọn òṣìṣẹ́ Gánà ò sì ní físà Ìlú Ọba. Ọ̀kan nínú wọn gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ náà pàdánù mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là. Ó kéré tán, lọ́jọ́ kan láyé yìí, iná tó lọ ṣe wá lóore.

Ẹ rí i pé àìsíná ló ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹ ra hard disk méjì. Ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, kí akápò kọ ẹ̀dà ìwé owó sí ọ̀kan, kó yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kó gbé e kúrò ní ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èkejì. Èyí tó bá ń gbé lára kọ̀ǹpútà tọ̀sántòru kì í ṣe ẹ̀dà, wọ́n á jọ kú ni. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, kí ẹ fi ẹ̀dà yẹn ṣí ìwé owó lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣí. Mo ti rí hard disk tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ fún ọdún kan àbọ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní ti Bunnock yín, ọ̀nà tó ń gbà wọ kọ̀ǹpútà yín láti ilé rẹ̀, AnyDesk tàbí òmíràn, kó má ṣí sílẹ̀ tọ̀sántòru. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó pè. Kẹ́ ẹ ṣí i fún un, kẹ́ ẹ tì í tó bá ṣe tán.

Ó ku ìtàn lẹ́tà kan. Krak des Chevaliers, tó wà ní Síríà òde òní, jẹ́ ilé odi onípele méjì tí àwọn ajagun onísìn tí wọ́n ń pè ní Hospitaller ń gbé. Ní 1271, Sultan Baybars láti Íjíbítì kó ogun tì í. Ó gba odi ìta, ó wọ agbo inú, àwọn ajagun sá sínú àwọn ilé ìṣọ́ tó le jù ní gúúsù. Láti fi agbára lé wọn jáde níbẹ̀, ẹ̀mí púpọ̀ ni ì bá lọ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wọn: ọ̀gá àgbà wọn ní Tripoli ní kí wọ́n túúbá. Wọ́n túúbá ní 8 April. Ìtàn sọ pé ayédèrú ni lẹ́tà náà. Àwọn kan tilẹ̀ fura pé àwọn ajagun yẹn ò ṣàì mọ̀, wọ́n kàn ń wá àwáwí ni.

Ìfura yẹn ló jọ mí lójú jù, torí mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ ọdún 24 ni akáwó yín, ẹ jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀. WhatsApp wọlé, àwòrán Alága ló wà níbẹ̀ tòun ti fìlà: "Mo wà ní ìpàdé, má pè mí. Fi 850,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yìí kíá." Ara fu ú. Ṣùgbọ́n ta ni òun tó máa pe Alága pé, "Sà, ṣé ẹ̀yin ni?" Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í bi àgbà léèrè bẹ́ẹ̀. Gbájúẹ̀ mọ̀ pé a tọ́ ọmọ wa dáadáa, ohun tó ń jẹ nìyẹn. Kò sí firewall tó máa rí èyí. Alága fúnra rẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀: kó dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kó sọ pé ẹni tó bá sanwó lórí ọ̀rọ̀ òun láìpe òun lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun máa fún un ní query, ẹni tó bá sì pe òun ní aago méjì òru, òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí owó má sì jáde láìjẹ́ pé èèyàn méjì fọwọ́ sí i, lórí fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi kan wà tí àfiwé ilé odi ti já, n kò sì ní fi pa mọ́. Baybars ní láti bọ́ ogun rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì lè fara gba ọfà. Olè tòní wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń gbá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì 10,000 wò lóru kan. Kò mọ̀ yín rí, kò kórìíra yín, ilẹ̀kùn tó bá gbá tó ṣí ló máa wọ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ má sọ pé ẹgbẹ́ wa kéré. Àwọn ará Rochester sì rí èéfín. Olè tòní lè wà nínú ilé yín fún oṣù mẹ́ta kí ẹ má gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Nítorí èyí ni kí báńkì máa fi alert gbogbo owó tó bá jáde ránṣẹ́ sí fóònù èèyàn mẹ́ta, kí nọ́ńbà tí báńkì yín yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ jìbìtì sì wà lára ògiri, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà tó ṣeé ṣe kó má ṣí lọ́jọ́ náà. Gbogbo odi ayé, àkókò lásán ló ń rà fún onílé kí ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ tó dé. Tí kò bá sí ẹni tó ń bọ̀, Rochester náà ni.

Ní ti mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹ nílò firewall, ẹ ò nílò ti iye yẹn. Ẹ pe ọlọ́jà náà padà, kẹ́ ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: tí kọ̀ǹpútà ọmọ tó ń gba àlejò bá kó kòkòrò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí ló máa dá kòkòrò náà dúró kó má dé ti akápò? Ẹ ní kó fi hàn yín níbẹ̀, lójú yín, lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Tó bá lè fi hàn, ẹ bá a dúnàádúrà. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹ fún un ní omi tútù mu, kẹ́ ẹ sìn ín dé bodè.